Ọkọ̀ Ìdí-Arère àti Iná Ọjọ́ Méje

Ní ìlú Ìdí-Arère, obìnrin arúgbó kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Òun ni olùtọ́jú iná ọjọ́ méje. Iṣẹ́ náà kò ní oyè, kò sì ní ìlẹ̀kẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kọ́lé tuntun ní ìlú náà tí kì í kọ́kọ́ ránṣẹ́ pè é. Àṣà wọn ni pé a kì í jẹ́ kí òkùnkùn wọlé ṣáájú onílé. Bí wọ́n bá ti kan òrùlé tán, Àwẹ̀ró á gbé fìtílà elépo rẹ̀ wá, á tàn án sí àárín ilé, iná náà kò sì gbọdọ̀ kú títí ọjọ́ méje yóò fi pé. Bí wọ́n ti ń ṣe é fún ilé ni wọ́n ń ṣe é fún yàrá ìyàwó tuntun àti fún ilé ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń lọ àgbàdo. Àwọn ará ìlú tó yí wọn ká máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ará Ìdí-Arère bá ra bàtà tuntun, yóò tan iná sí i nínú. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Bàtà kò sí níbẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Àwẹ̀ró bí, Àṣàkẹ́ ni orúkọ ọmọ náà. Nígbà tí Àṣàkẹ́ ń rọbí àkọ́bí rẹ̀, ọmọ inú rẹ̀ fi ẹsẹ̀ ṣíwájú. Ọgbọ̀n máìlì ni ilé ìwòsàn ńlá fi jìnnà sí Ìdí-Arère, kò sì sí ọkọ̀ kankan ní ìlú nígbà náà. Ọkùnrin mẹ́rin tẹ́ ẹ sórí àkéte, wọ́n gbé e lé èjìká, wọ́n sì ń sáré. Nígbà tí wọ́n dé odò Arà, ẹsẹ̀ ẹni tó wà níwájú yọ̀ lórí òkúta, àkéte sì dojú dé. Wọ́n gba ọmọ là, wọn ò rí ìyá gbà.

Ọmọ yẹn ni Ìbíyẹmí, tí Àwẹ̀ró fi ẹ̀kọ mímu tọ́ dàgbà. Ní àkókò ìtàn yìí, Ìbíyẹmí ti di ìyàwó ilé, oyún àkọ́kọ́ sì wà nínú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ilé ìgbẹ̀bí ìlú ti fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ó sì ti mi orí. Ọmọ inú rẹ̀ kọ ẹsẹ̀ sísàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Ìbíyẹmí fúnra rẹ̀ ti ṣe sí ìyá tirẹ̀.

Nọ́ọ̀sì pe Àwẹ̀ró sí kọ̀rọ̀. “Màmá,” ó ní, “èyí kì í ṣe ohun tí a ó bí níbí o. Ilé ìwòsàn ńlá ni. Kí oṣù yìí tó parí, ẹ gbọ́dọ̀ ti gbé e débẹ̀.”

“Ọkọ̀ ń bọ̀,” ni Àwẹ̀ró dá a lóhùn. “Ọkọ̀ ìlú ń bọ̀, ọmọ mi.”

Òótọ́ ni pé ọkọ̀ ń bọ̀. Alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, Ọ̀gbẹ́ni Fálóyè, ló tẹpẹlẹ mọ́ ọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sinmi. Wòléwòlé ni Fálóyè tẹ́lẹ̀. Ó fi ọgbọ̀n ọdún lé àwọn èèyàn kiri nítorí tanwíjí inú ìkòkò omi, bí ó sì ti fẹ̀yìn tì, kò tíì mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí. Bí ó bá ń rìn, ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan ń tì í lẹ́yìn. “Kíákíá! Kíákíá!” ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, àwọn èèyàn sì ń pè é bẹ́ẹ̀ bí kò bá sí nítòsí.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ náà dé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé aláìsàn nìkan ló kù sílé. Ọkọ̀ funfun ni, ẹ̀yìn rẹ̀ gùn tó kí obìnrin na ara rẹ̀ tán kí nọ́ọ̀sì sì tún jókòó tì í. Sùbérù, awakọ̀ tí wọ́n gbà síṣẹ́, rọra wà á dé iwájú ààfin, níbi tí ilẹ̀ ti ga jù ní ìlú. Àwẹ̀ró ti dúró síbẹ̀ pẹ̀lú fìtílà rẹ̀. Ó fẹ́ gbé e wọ inú ọkọ̀ ni Fálóyè bá fò dìde.

“Màmá, ẹ dákun o! Ẹ má gbé iná wọ inú ọkọ̀. Bẹntiróòlù ló ń mu! Ẹ fẹ́ kó jó ni?”

“Ṣé kó wá sùn nínú òkùnkùn bí ọmọ òrukàn ni, Alága?” ni Àwẹ̀ró bi í. “Ọkọ̀ tí yóò gbé aboyún?”

Àríyànjiyàn yìí ni wọ́n ń bá bọ̀ tí ilẹ̀ fi ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Sùbérù, tí kò mọ ohun tí wọ́n ń jà sí, lọ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ kó lè mú àpò rẹ̀. Bí ilẹ̀kùn ti ṣí, iná tàn lókè inú ọkọ̀.

Àwọn obìnrin sún sẹ́yìn. Kò sí ẹni tó ṣáná, kò sí ẹni tó fọwọ́ kan nǹkan kan.

“Ta ló tàn án?” ni Àwẹ̀ró béèrè wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

“Kò sẹ́ni tó tàn án, Màmá,” ni Sùbérù wí, ẹ̀rín sì ń pa á. “Ilẹ̀kùn tó ṣí ló tàn án. Bí mo bá tì í báyìí, á kú. Ẹ wò ó.” Ó tì í, iná kú. Ó ṣí i, iná tàn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe é, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta sì ni gbogbo wọn kígbe pọ̀. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ níbẹ̀. Ó ní ọkọ̀ yìí ti mọ àṣà Ìdí-Arère kó tó dé Ìdí-Arère, àti pé ohun tó bá gbé iná tirẹ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn kò nílò fìtílà ẹnikẹ́ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Sùbérù ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ gbogbo, ó fún Fálóyè ní kọ́kọ́rọ́, ó sì lọ kó ìyàwó àti ẹrù rẹ̀ wá láti ìlú tó ń gbé tẹ́lẹ̀. Ó ní òun yóò lo ọ̀sẹ̀ kan. Kò fi àgádágodo sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, torí pé olè kò sí ní Ìdí-Arère, àwọn obìnrin sì ti ní àwọn fẹ́ máa nu inú ọkọ̀ náà. Kò tíì jìnnà tí Àwẹ̀ró fi bu èèpo igi arère kan, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn díẹ̀, ó sì fi èèpo náà há a lẹ́nu kó má baà padé. Iná tàn. Àwẹ̀ró gbé àpótí rẹ̀ wá, ó jókòó tì í. Iná ọjọ́ méje ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Bí ó bá ṣe ìwọ ni, tí wọ́n fi iná tí kì í mu epo, tí kì í rú èéfín, tí afẹ́fẹ́ fẹ́ tí kò mì hàn ọ́ nígbà àkọ́kọ́ láyé rẹ, ìwọ náà á jókòó tì í. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn èèyàn á wá tẹbítẹbí, wọ́n á dúró jìnnà díẹ̀, wọ́n á máa wò ó. Àwọn ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ṣí fìlà. Ìbíyẹmí náà wá, ó gbé ọwọ́ lé ikùn, ó sì sọ fún ìyá rẹ̀ àgbà pé ẹ̀rù kò ba òun mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ Àwẹ̀ró débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin, iná náà bẹ̀rẹ̀ sí í pupa. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó kéré, ó wá dà bí ẹyín iná tí eérú bò. Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, ẹnikẹ́ni kò rí i mọ́. Àwọn obìnrin wo Àwẹ̀ró lójú.

“Ó ti mọ ilé ni,” ni Àwẹ̀ró wí. “Ó ti sùn.” Nígbà tí ọjọ́ méje pé, ó yọ èèpo igi náà, ó ti ilẹ̀kùn pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ̀.

Ọjọ́ kẹjọ ni Sùbérù dé. Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Fálóyè, ó jókòó, ó yí i. Ọkọ̀ kò dún rárá. Ó tẹ fèrè, fèrè kò fọhùn. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, òkùnkùn ló bá níbẹ̀. Ibi tó dúró sí tó ń wò suu ni Àwẹ̀ró bá a, ó sì ń fi ayọ̀ jíṣẹ́ fún un.

“Ẹ káàbọ̀ o, awakọ̀ wa. A ti bá yín ṣe iná ọjọ́ méje fún un. N kò jẹ́ kí ilẹ̀kùn padé rárá.”

Sùbérù gbé ọwọ́ méjèèjì lérí. “Yéè! Màmá! Ọjọ́ méje? Ẹ jẹ́ kó tàn fún ọjọ́ méje?” Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó ṣí iwájú ọkọ̀, ó sì fi bátìrì hàn wọ́n, àpótí dúdú kan tí kò ju orí àgbò lọ. Ó ní inú ibẹ̀ ni ọkọ̀ ń tọ́jú agbára tó fi ń jí pa mọ́ sí. Iná kékeré òkè yẹn, inú ibẹ̀ ló ti ń mu. Ó mu ún lọ́sàn-án, ó mu ún lóru, ó sì mu ún gbẹ.

Ọkọ̀ tí Àwẹ̀ró ti ń dúró dè láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé òkú Àṣàkẹ́ padà láti odò Arà, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi pa á, ó sì tún jókòó tì í nígbà tó ń kú lọ. Ìbíyẹmí kò sì ju ọ̀sẹ̀ kan àbọ̀ lọ mọ́.

Fálóyè kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti sunkún. “Kíákíá! Ẹ bá wa tì í!” Wọ́n tì í títí dé ilé ẹ̀rọ, wọ́n tún tì í gòkè padà, òógùn bò wọ́n, ọkọ̀ kò dún pẹ́ẹ́. Sùbérù ní títì kò lè ràn án, torí bátìrì kò ní ìṣáná kan ṣoṣo tí yóò fi ran ẹ́ńjìnnì. Bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni agbégilódò kan ń kọjá lọ sínú igbó, Fálóyè sì sáré dá a dúró lójú ọ̀nà.

“Alága,” ni Sùbérù wí, “agbára ọkọ̀ yìí ju ti tiwa lọ.”

“Agbára náà là ń wá! Ẹ so wọ́n pọ̀!”

Wọ́n fi wáyà so bátìrì agbégilódò mọ́ ti ọkọ̀ ìlú. Iná ta pàràpàrà. Bátìrì bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí omi ọkà tó wà lórí iná, òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ gba gbogbo iwájú ààfin, ẹ̀gbẹ́ àpótí dúdú náà sì ń wú síta. Àwọn èèyàn fi ẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Fìlà ni Sùbérù fi bo ọwọ́ tó fi já wáyà náà kúrò. Awakọ̀ agbégilódò náà bá tirẹ̀ lọ, ó ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí òun tó jáde nínú igbó.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń sọ pé ọkọ̀ ti kú. Ẹnu kì í sì í sinmi: àwọn kan ní Àwẹ̀ró ló pa á, àwọn mìíràn ní òkú ọmọ rẹ̀ ló ń tan iná fún láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé etí ìyá arúgbó náà. Ó wé gèlè rẹ̀, ó sì lọ sí ilé ẹ̀rọ.

Ẹni tó ni ilé ẹ̀rọ náà ni Bàbá Láṣebìkan. Nígbà èwe rẹ̀, Ìbàdàn ló ti ṣiṣẹ́ ríwáyà, ìyẹn àwọn tó ń tún wáyà àti iná ọkọ̀ ṣe, kó tó padà wálé wá máa lọ àgbàdo fún àwọn obìnrin. Kò sí ẹni tó ronú kàn án, torí pé kò sí ẹni tó ní sùúrù láti gbọ́rọ̀ rẹ̀ tán. Bí o bá kí i láàárọ̀, o lè lọ síbi iṣẹ́, kó o wá gba ìdáhùn rẹ bí o bá ń bọ̀.

“Bàbá,” ni Àwẹ̀ró wí, “mo ti pa ọkọ̀ ìlú.”

Láṣebìkan kọ́kọ́ gbọn ìyẹ̀fun kúrò lọ́wọ́. “Ọjọ́ wo ni iná náà kú?” ló wá béèrè.

“N kò rí i mọ́ ní ọjọ́ kẹfà.”

“Ó pariwo?”

“Kò pariwo. Ńṣe ló ń pupa, tó ń kéré, títí kò fi sí níbẹ̀ mọ́.”

“Hùn.” Bàbá nu ojú rẹ̀. “Ó yọ́ lọ ni. Ẹ sì wá ń fi ariwo pè é padà. Ẹ ní kí wọ́n gbé e wá. N kò ṣèlérí o. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá tún fi ipá mú un lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ kàn gbẹ́lẹ̀ fún un ni.”

Wọ́n gbé bátìrì náà dé, Láṣebìkan kò fọwọ́ kàn án títí ó fi tutù. Lẹ́yìn náà, ó ṣí ọmọrí rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó wo inú rẹ̀, ó sì fi òjò tó rọ̀ tààrà sínú abọ́ tánganran kún omi tó ti hó gbẹ. Ó ní kí Sùbérù lọ tú iná kékeré tó wà lókè ọkọ̀, kó mú gílóòbù náà wá. Ẹ̀rọ ìlọgbàdo ń yí dáínámò kan, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń fi yíyí pèsè iná, tí Bàbá ti so mọ́ ọn láti ọjọ́ pípẹ́. Ó fa wáyà láti ara dáínámò, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó dé ara bátìrì tààrà. Ó kọ́kọ́ mú un gba inú gílóòbù kékeré yẹn kọjá.

“Ohun tó mu ún tán,” ni Bàbá wí, “òun náà ni yóò máa wọ̀n ọ́n fún un. Kò lè gbà ju ìwọ̀n ọ̀fun tirẹ̀ lọ. Bí ẹ bá rí i tó tàn, bátìrì ti ń mu nìyẹn. Bí kò bá tàn, kò tíì la ẹnu.”

Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Gbogbo ọjọ́ kìíní, gílóòbù náà ṣókùnkùn. Bàbá ní ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ dúró láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀rọ kì í sì í yí lásán ní Ìdí-Arère. Èèwọ̀ ni kí ọlọ máa lọ òfìfo. Ni Àwẹ̀ró bá bẹ̀rẹ̀ sí í ti ojúlé bọ́ sí ojúlé. “Ẹ dákun, ẹ bá mi gbé ohun lílọ jáde.” Àwọn kan ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tó ti rọbí rí mọ ohun tó ń wá, wọ́n sì jáde. Wọ́n gbé àgbàdo wá, wọ́n gbé èlùbọ́ wá, wọ́n gbé ọkà bàbà wá. Nígbà tí àgbàdo inú ilé tán, wọ́n lọ sọ ti inú àká kalẹ̀. Ọdún yẹn, àwọn ará Ìdí-Arère jẹ tùwó títí ọ̀fun wọn fi gbẹ.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ti ń rọ̀ nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà kígbe. Okùn tín-ín-rín inú gílóòbù ti pupa. Kò tó iná tanátaná, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Wọ́n gbé igbá wọn sílẹ̀, wọ́n yí i ká. Àwọ̀ tí wọ́n rí ní ọjọ́ karùn-ún, nígbà tí iná náà ń lọ, àwọ̀ yẹn gan-an ló ti padà wá. Ẹ̀rù rere bà wọ́n, irú èyí tó máa ń bani nígbà tí ẹni tó dákú bá mí lẹ́ẹ̀kan.

Fálóyè ya wọlé. “Ṣé èyí náà ni? Bàbá, ẹ yọ gílóòbù yẹn kúrò, ẹ so ó tààrà, kó mu àmuyó!”

“Ẹni tí ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa kú,” ni Láṣebìkan dá a lóhùn lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, “iyán kọ́ la fi ń là á lẹ́nu. Omi ẹ̀kọ ni.”

Ọjọ́ kẹta, kí oòrùn tó kan àtàrí, nọ́ọ̀sì sáré wá sí ilé ẹ̀rọ. Ìbíyẹmí ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Ọjọ́ kò tíì pé, ṣùgbọ́n ọmọ kò béèrè ọjọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹsẹ̀ ló sì ṣì kọ sísàlẹ̀. Ọkọ̀ èrò tó máa ń wá sí ọjà ìlú náà, tí wọ́n ti ní àwọn yóò fi gbé e bí ti ìlú kò bá jí, ó di ọ̀la.

Fálóyè di wáyà mú. “Ó tó gẹ́ẹ́! Mo fẹ́ já gílóòbù yìí!”

“Bí o bá já a,” ni Láṣebìkan wí, “yóò hó bí ti ìjọ́sí. Kò ní sí ọkọ̀ lónìí, kò ní sí lọ́la. Fún mi láyè di ìgbà tí oòrùn bá yẹ̀ lórí igi ìrókò yẹn.”

Gbogbo wọn wo Àwẹ̀ró. Òun ló ni ọmọ tó ń rọbí. Ó kọjú sí nọ́ọ̀sì. “Ọmọ mi, báwo ni àyè tó kù fún un ṣe pọ̀ tó?”

“Oyún àkọ́kọ́ ni, Màmá. Kì í yára. Títí di ìrọ̀lẹ́, ó lè dúró. Di ọ̀la kọ́.”

Àwẹ̀ró rìn lọ bá Fálóyè, ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ tó fi di wáyà mú.

“Fálóyè,” ó ní. Ó ti pẹ́ tó ti pè é lórúkọ. “Ìwọ lo wà níwájú àkéte lọ́jọ́ náà. N kò sọ ọ́ rí, n kò sì bínú sí ọ rí. Mo mọ̀ pé o fẹ́ràn wa ni o fi sáré. Ṣùgbọ́n eré yẹn ló gbé Àṣàkẹ́ lọ. Mo bẹ̀ ọ́, má sáré pẹ̀lú èyí.”

Ọwọ́ Fálóyè tú lára wáyà. Ọkùnrin tí ẹnikẹ́ni kò rí kó jókòó rí jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ìyẹ̀fun, lẹ́bàá gílóòbù náà, ó sì bú sẹ́kún. Ogún ọdún ni ẹkún náà ti wà níkùn rẹ̀.

Wọ́n dúró. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ pé ó rọrùn. Ẹ̀rọ ń yí, igbe Ìbíyẹmí ń dé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti ilé ìgbẹ̀bí, àwọn obìnrin sì ń da àgbàdo sínú ẹ̀rọ láìwo ojú ara wọn. Àwọ̀ pupa inú gílóòbù di àwọ̀ ọsàn, ó di àwọ̀ oyin. Nígbà tí oòrùn yẹ̀ lórí ìrókò, iná náà mọ́ rekete, bí wọ́n ti rí i ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́. Láṣebìkan gbé etí rẹ̀ súnmọ́ bátìrì, ó gbọ́ tó ń hó wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ nínú bí ẹmu àárọ̀.

“Kò tíì kún,” ó ní, “ṣùgbọ́n ó tó ohun tí a fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Sùbérù, má tan iná, má fun fèrè. Má ní kí ó dá ẹ́ńjìnnì jí. Kò ní agbára yẹn. Ìṣáná nìkan ni kó fún wa. Àwa ni a ó tì í. Ẹ sì rọra.”

Wọ́n gbé bátìrì padà sí àyè rẹ̀, wọ́n tẹ́ Ìbíyẹmí sí ẹ̀yìn ọkọ̀ pẹ̀lú nọ́ọ̀sì, Àwẹ̀ró sì jókòó níwájú. Láti iwájú ààfin, ilẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ títí dé ojú ọ̀nà ńlá. Gbogbo ìlú gbé ọwọ́ lé ọkọ̀ náà, àwọn tó ní Àwẹ̀ró ló pa á náà wà níbẹ̀. Ìró ẹsẹ̀ nìkan là ń gbọ́. Ọkọ̀ ń yí lọ, ó ń yí lọ. Sùbérù wọ jíà. Ọkọ̀ gbọ̀n, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ló mí kanlẹ̀, ó sì fọhùn.

Kò sí ẹni tó hó ìhó ayọ̀. Ojú ọ̀nà ni wọ́n dúró sí, àwọn ọkùnrin ṣí fìlà, àwọn obìnrin kúnlẹ̀, wọ́n ń gbọ́ ohùn ohun tó ti kú tó tún ń mí. Fálóyè nìkan ló sáré tẹ̀ lé e, ó sì fò wọlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ Àwẹ̀ró. Nígbà tí wọ́n dé odò Arà, níbi tí wọ́n ti ṣe afárá báyìí, ó nawọ́ kan Sùbérù léjìká.

“Sùbérù,” ni Kíákíá wí, “rọra.”

Oòrùn kò tíì wọ̀ tán nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n gbé Ìbíyẹmí wọlé tààrà, dókítà sì fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọbìnrin kan jáde, ó ń ké tantan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá rẹ̀ jí, ó sì béèrè omi.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n padà sílé. Ìlú ti pé jọ sí iwájú ààfin. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí Sùbérù sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, gílóòbù kékeré tí wọ́n ti dá padà sí àyè rẹ̀ sì tàn lórí ìyá àti ọmọ. Àwẹ̀ró wò wọ́n nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn, ó wò wọ́n títí. Ó gba ọmọ, ó fa Ìbíyẹmí sọ̀ kalẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn náà pa.

Títí di òní, bí ọkọ̀ tuntun bá wọ Ìdí-Arère, wọ́n ṣì ń tan iná ọjọ́ méje fún un, ṣùgbọ́n ilẹ̀ iwájú rẹ̀ ni wọ́n ń gbé fìtílà sí, ilẹ̀kùn rẹ̀ a sì wà ní títì pa. Bí ẹnì kan bá sì ń fi ipá wá ohun tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìbáà jẹ́ ìlera, ìbáà jẹ́ ìfẹ́ aya, wọ́n á mú un jókòó, wọ́n á sọ ìtàn yìí fún un. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe níbẹ̀ pé: “Ohun tó bá yọ́ lọ, ẹ jẹ́ kó yọ́ bọ̀.”